Kí O Tó Kéde Iye Tí A Rí Ní Alẹ́ Orin

Kàbbà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Ìyé rẹ, ìyá tó bí ọ, ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa ní Àbújá. Mo ti bi ọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń yọjú wo ìwé mi bóyá mo kọ ọ́ lóòótọ́.

Inú wa dùn sí iṣẹ́ tuntun tí o rí. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó yẹ kí n sọ fún, mo tún sọ fún àwọn kan tí kò béèrè, pé ọmọ mi obìnrin ti wà ní àjọ aláàánú tí ń ṣètò alẹ́ orin láti fi kówó jọ fún àwọn aláìsàn. Mo fẹ́ kí èyí wà lókè lẹ́tà, kí o lè padà wá kà á nígbà tí inú bá ń bí ọ sí ohun tó wà nísàlẹ̀.

Mo rí àwòrán ìpolówó tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi: alẹ́ orin ní gbọ̀ngàn ńlá Kàbbà níbí, fún Tíṣà Bámidélé ará Òkè-Bùkún tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo sì gbọ́ ohùn tí o ká sílẹ̀ tẹ̀lé e. O ní kí n gbé sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ mi wá lọ́fẹ̀ẹ́. O ní ọ̀gá rẹ máa ń yọ ọgbọ̀n náírà nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún fún ọ́fíìsì, àti pé kì í fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu bà á níwájú èrò. O tún ní ìwọ ni wọ́n yàn láti dúró lórí ìtàgé kéde iye tí a bá rí. O wá ní, "Bàbá, kí lẹ rò?" O mọ̀ pé n kì í rò kíákíá. Àtàǹpàkò mi kò sì lè tẹ ọ̀rọ̀ gígùn sórí fóònù, ni mo bá wá bíírò. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni n ó kọ ọ́. Tí o bá tún pè mí lórí rẹ̀, n ó ní kí o lọ ka lẹ́tà rẹ.

Mo ti ń yáni ní sípíkà láti ìgbà tí o kò tíì lè rìn. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni ẹni tó wà nídìí mísà, ẹ̀rọ tí a fi ń tún ohùn ṣe, máa ń jókòó sí, torí náà ó ń rí àwọn tó wà níwájú, ó sì ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn. Mo ti ṣe alẹ́ orin fún ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì, fún kànga, fún ọmọ tí ojú ń dùn, fún àwọn tí iná jó ṣọ́ọ̀bù wọn, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Mọ̀pà. Nínú irú lẹ́tà báyìí àwọn bàbá a máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe wọn. Má wá ìyẹn níbí. Wọ́n sanwó mi, mo ká wáyà mi, mo lọ sílé. Ohun tí mo rí nìkan ni mo fẹ́ sọ, ti Kọ́lá káfíńtà ni mo sì rí jù.

Odò-Ẹrẹ̀ ni Kọ́lá wà. Ó já bọ́ láti orí òrùlé ilé tí wọ́n ń kàn, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, iye tí wọ́n pè é sì ju agbára ẹbí lọ. Ìlú gbé ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n pe olórin kan tó lórúkọ, wọ́n ní kó bu owó iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì nítorí Ọlọ́run, ó gbà. Wọ́n pe èmi náà fún sípíkà. Èrò kún gbọ̀ngàn dé ìta. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, owó àpótí wọlé, àwọn èèyàn pàtàkì sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣèlérí ohun tí wọ́n máa san.

Èyí tó pọ̀ jù kò wọ inú àpótí kankan, iwájú orí olórin ló ń lọ. O kúkú mọ àwọn èèyàn wa. Tí olórin bá ti pe orúkọ bàbá ẹnì kan, tó tún fi orúkọ ìlú ìyá rẹ̀ kún un, ẹni yẹn kò lè jókòó mọ́. Wọ́n ń jó bọ̀ wá síwájú, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn lórí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣà á sínú àpò. Gbogbo ẹni tó ń náwó yẹn ló gbà pé Kọ́lá lòun ń ná an fún. Olórin gbà pé òun ni wọ́n ń ná an fún. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì.

Nígbà tí ó yá, alága ìgbìmọ̀ wá gba máìkì. Ó ro owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó ro owó àpótí, ó ro ìlérí, ó sì fojú díwọ̀n èyí tó wà nínú àpò olórin mọ́ ọn. Ó kéde pé mílíọ̀nù méjì náírà ni a rí. Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Èmi gan-an yí ohùn rẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ dé títì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń tú wáyà nígbà tí alága ní kí olórin kó àpò yẹn sílẹ̀. Olórin náà kò jágbe rárá.

"Hàbà, Alága! Ẹ ní kí n bu owó mi sí méjì, mo bù ú. Èyí tí wọ́n ná fún mi lórí ìtàgé ńkọ́? Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí pé olórin ń dá a padà?"

Alága ní, "Tìtorí Kọ́lá ni wọ́n ṣe ná an."

Olórin ní, "Tìtorí bàbá wọn tí mo pè ni wọ́n ṣe ná an. Ẹ lọ bi wọ́n."

 Mo rò ó níbi tí mo lóṣòó sí nídìí wáyà, n kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo lè bá wí. Olórin gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó dágbére fún gbogbo wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó lọ.

Ó wá ku ìlérí. Ẹnì kan ti rìnrìn àjò. Ẹnì kan ní òun rò pé àwọn ọmọ òun ní Lọ́kọ́ja máa san án. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n má dá òun lóhùn, pé orin ló gun òun. Wọ́n san owó gbọ̀ngàn, owó àga, oúnjẹ àwọn àlejò pàtàkì, epo jẹnẹrétọ̀, àti owó mi. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ san fún, torí pé èmi ni mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọkọ̀. Ohun tó dé ọwọ́ Kọ́lá kò tó owó tí ilé ìwòsàn ní kó kọ́kọ́ san kí wọ́n tó fún un ní bẹ́ẹ̀dì.

Dúpẹ́, kò sí olè kankan nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí. Mo fẹ́ kí o fa ìlà sí abẹ́ ìyẹn, torí pé ní ọ́fíìsì tí o wà, olè ni wọ́n máa ní kí o máa ṣọ́.

Ohun tó wá pa Kọ́lá lára jù ni iye tí alága kéde. Kí alẹ́ orin yẹn tó wáyé, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń dáwó fún un ní oṣooṣù. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé iṣu wá. Àwọn àna rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ń fi nǹkan ránṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró. Wọn kò ṣe é tìkàtìkà. Wọ́n ti gbọ́ mílíọ̀nù méjì, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ Kọ́lá ti tán, wọ́n sì yíjú sí ẹlòmíràn tí nǹkan ń ṣe.

Mo lọ ra èlùbọ́ fún ìyé rẹ ní ọjà Odò-Ẹrẹ̀ ní ìgbà tó yá, mo bá ìyàwó Kọ́lá nídìí ẹran. Ẹran díẹ̀ ló ní kí wọ́n gé. Obìnrin kan tó dúró tì í sọ ọ́ síta pé, "Ẹ ò rí wọn? Owó ìbàdí ni wọ́n ń sè jẹ." Ìyàwó Kọ́lá gbé ẹran náà padà sórí tábìlì. Ó rí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé a rí iye yẹn?" Mo ní wọn kò rí i. Ó ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo sọ ọ́ sókè, mo tún un sọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ kàn ń wò mí, wọ́n rò pé mo ń gbè é lẹ́yìn ni. Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ náà títí di òní. Kọ́lá wà láàyè, ó ń jókòó kan àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. O mọ̀ pé n kì í gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ sílé, ṣùgbọ́n èyí dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Tòó. Ó ku ìmọ̀ràn.

Èkínní, n kò ní gbé sípíkà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyé rẹ ti gbójú sókè nínú ẹ̀wà báyìí, ó ní, "Ọmọ rẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Iye tí mo ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni o máa san, kí o sì kà á mọ́ ohun tí a ná. Lẹ́yìn náà n ó mú ẹ̀bùn mi wá fún Tíṣà ní orúkọ ara mi, bí gbogbo ìlú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Igbaruku bẹ̀ mí, mo ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn. Wọ́n fi ìrẹsì ṣe mí lálejò. Wọ́n so ẹ̀rọ amóhuntutù mọ́ jẹnẹrétọ̀ mi, sípíkà méjì jóná, kò sì sí ẹni tí mo lè bi, torí pé kò sí owó láàárín wa. Mo fi ọdún kan gbáko bínú sí àwọn ọmọ Ọlọ́run yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ akọrin tó bá ní lọ́fẹ̀ẹ́ lòun ń bọ̀. O máa gba ọkọ̀ fún wọn, o máa bọ́ wọn, o máa ra aṣọ fún wọn, kò sì ní sí ibi tí ìwọ yóò kọ ọ́ sí, torí pé ọ̀fẹ́ ni. San owó fún gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún Tíṣà lówó, jẹ́ kó fún un lójúkorojú.

Ní ti owó tí wọ́n ń ná fún olórin, má gbìyànjú láti dá a dúró. Àwa ará Kàbbà kò ní gbọ́, o sì máa dójú ti ara rẹ lásán. Kí olórin tó kúrò nílé rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́. San owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, má bù ú sí méjì fún un. Kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lórí máìkì, kó tó kọ orin àkọ́kọ́, pé gbogbo náírà tó bá kan òun lórí lónìí, ti Tíṣà ni. Òun ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ. Àwọn ará ilé Tíṣà ni kó ṣa owó náà, kì í ṣe àwọn ọmọ ẹ̀yìn olórin. Tí kò bá gbà, wá olórin mìíràn. Tí o kò bá rí, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀. Tẹ́nọ̀ wọn kò dára, èmi ni mo sì ń dín in kù láti ìdí mísà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìlérí, kà á lọ́tọ̀. Má fi kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ kún ohun tí o máa kéde. Sọ iye tó wà lọ́wọ́, sọ ohun tí a ná, sọ èyí tó kù fún Tíṣà, kí o wá sọ ohun tí ilé ìwòsàn ń béèrè àti iye tí ó ṣì kù. Má gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó jẹ́ gbólóhùn kan péré, Kọ́lá ì bá ti rí i lò. Wọn kò ní hó fún ọ bí wọ́n ṣe hó fún alága. Àwọn kan máa rò pé o kò mọ ètò ṣe, ọ̀gá rẹ sì lè rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Fara dà á.

Mo ti dé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ nìyẹn. N kò sọ pé kó má yọ ọgbọ̀n. Ẹ ń gbé ilé, ẹ ń wọ ọkọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó oṣù rẹ, n kò fẹ́ kí o wá máa jẹun lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kó yọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Màmá arúgbó kan máa wá láti Òkè-Bùkún, á gbé owó iṣu tó tà sílẹ̀, á gbà pé Tíṣà lòun gbé e fún. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé ọ́fíìsì ní Àbújá máa mú nínú rẹ̀. Bóyá kò ní bínú. Ẹ ò tíì bi í. Kọ ọ́ sí ara tíkẹ́ẹ̀tì, kí o sì kà á sí wọn létí. Tí ọ̀gá rẹ bá ní àwọn èèyàn kò ní dáwó tí wọ́n bá gbọ́ ọ, fi pẹ̀lẹ́tù bi í pé kí ló dé tó fi rò bẹ́ẹ̀. Má bá a jà. Iṣẹ́ tuntun ni, mo sì mọ ẹnu rẹ.

Má gbé Tíṣà wá sórí ìtàgé. Ó kọ́ ìdajì àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ ní ìwé kíkà. Jẹ́ kó sùn sílé.

Mo rò pé mo ti parí. Ìyé rẹ ní n kò tíì parí, pé mo fi èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí pamọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo lọ sí Òkè-Bùkún ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ kí Tíṣà. Ó ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀ ní ìta, ó ń ṣa kaṣú sínú àpò. Ó ní, "Okun o, Bàbá Dúpẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ bí ọmọ. Àlùbáríkà ni." Ó fi àwòrán tí o ṣe hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó wá sọ fún mi pé ọkùnrin kan ti fẹ́ ra oko kaṣú wọn, pé iye tí ó fẹ́ san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ilé ìwòsàn ń béèrè, pé ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ló fẹ́ kó owó wá. Nígbà tí àwòrán rẹ dé, àwọn ẹbí jókòó. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn á fi ta oko tí bàbá wọn gbìn, nígbà tí gbogbo Kàbbà fẹ́ kówó jọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà pé kó má wá mọ́.

Ó bi mí bóyá owó alẹ́ orin máa tó. Mo mọ iye èèyàn tó lè wọ gbọ̀ngàn yẹn. Mo mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì. Mo yọ ti olórin, mo yọ ti gbọ̀ngàn, mo yọ tèmi, mo yọ ọgbọ̀n ọ̀gá rẹ. Mo sọ fún un pé kò lè tó, pé tí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, kò ní dé ìdajì. Mo ní kí ó pe ọkùnrin náà padà kí ó tó ra ibòmíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá apá kan oko ni wọ́n máa tà tàbí gbogbo rẹ̀, nígbà tí ara Tíṣà ṣì lè gba ìtọ́jú.

Ó jókòó sórí àpò kaṣú. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Ó ní àwọn ẹbí máa ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé Dúpẹ́ ló ní kí ẹ wá sọ ọ́?"

Mo ní ìwọ ni. Ìgbà yẹn ló tó gbé fóònù, ó pe ọkùnrin tó fẹ́ ra oko náà.

Bàbá rẹ ni.